Iye Tó Wà Lára Páálí Ọta Ìbọn Ìléwọ́ Àtijọ́

Páálí ọta ìbọn ìléwọ́ jẹ́ ohun tí ilé-iṣẹ́ ṣe kí ẹni tó rà á lè sọ ọ́ nù. Ọta 50 ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá yìn wọ́n tán, páálí a di ti ààtàn tàbí ti ìdáná. Nítorí náà, ọta kọ̀ọ̀kan tó ti wà láti nǹkan bí ọdún 1880 ṣì ń yọjú ní Amẹ́ríkà, nínú àpótí irinṣẹ́ àti nínú dúrọ́ọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ṣí fún ọdún pípẹ́, ṣùgbọ́n páálí tí wọ́n ti inú rẹ̀ jáde ṣọ̀wọ́n gan-an. Ẹni tó bá bá ọ̀kan nínú ogún bàbá rẹ̀ sábà máa ń rò pé idẹ, òjé àti ẹ̀tù inú rẹ̀ ni olùkójọ fẹ́ sanwó fún. Bébà ni olùkójọ ń rà. Ọta inú páálí wúlò fún un nítorí pé ó ń jẹ́rìí sí ohun tí bébà ara páálí sọ.

Kí páálí tó dé, ìdì bébà ló wà. Ní àkókò Ogun Abẹ́lé Amẹ́ríkà, láti 1861 sí 1865, púpọ̀ nínú ọta rìfọ́fà, ìyẹn ìbọn ìléwọ́ tí àgbá ọta rẹ̀ ń yí po, kò ní ìkarahun idẹ rárá. Bébà tín-ín-rín tó ń jóná, tàbí awọ ìfun ẹran, ni wọ́n fi ń wé ẹ̀tù mọ́ ìdí òjé. Mẹ́fà mẹ́fà ni wọ́n ń dì wọ́n, nítorí pé ihò mẹ́fà ló wà nínú àgbá ìbọn Colt. Wọn a ki ọta bọ ihò mẹ́fà tí wọ́n dá sí ara igi kékeré kan, wọn a fi bébà wé igi náà, wọn a sì fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ há a tí ọmọ ogun yóò fà kí bébà lè ya. D. C. Sage ní Middletown, ìpínlẹ̀ Connecticut, wà lára àwọn tó ń ṣe é, ilé-iṣẹ́ Colt náà sì ń ṣe tirẹ̀ ní Hartford. Ìdì tí ẹnikẹ́ni kò tíì fa okùn rẹ̀, tí ìwé tó wà lójú rẹ̀ ṣì ṣeé kà, wà lára àwọn ohun tí olùkójọ ọta ìbọn ìléwọ́ ń ná owó gidi lé. Bí ìwé náà bá ti ya kúrò, ohun tó kù ò ju igi àti ọta lásán lọ, iye rẹ̀ á sì já wálẹ̀ púpọ̀.

Ìkarahun irin dé Amẹ́ríkà ní 1857, nígbà tí Smith & Wesson gbé ìbọn kékeré tí wọ́n ń pè ní Model 1 jáde pẹ̀lú ọta .22, tí èròjà ìtanná rẹ̀ wà nínú etí ìdí ìkarahun yíká. Àgbá ìbọn yìí lu já láti iwájú dé ẹ̀yìn, kí ọwọ́ lè ti ọta bọ̀ ọ́ láti ẹ̀yìn. Rollin White ló ti gba ìwé ẹ̀tọ́ ìṣẹ̀dá lórí èrò náà ní 1855, Smith & Wesson nìkan sì ni ó fún láǹfààní láti lò ó. Títí ẹ̀tọ́ yìí fi parí ní 1869, ilé-iṣẹ́ mìíràn tó bá ṣe irú àgbá bẹ́ẹ̀ ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí kóòtù ni. Àwọn tí kò fẹ́ ẹjọ́ wá dá ọgbọ́n. Ìbọn Moore ń gba ọta láti iwájú, ìkarahun ọta náà sì ní ọmú ṣóńṣó ní ìdí, tó máa ń yọ sí ihò kékeré lẹ́yìn àgbá kí òòlù ìbọn lè bá a. Ìbọn Plant náà ń gba ọta láti iwájú, ṣùgbọ́n ìdí ìkarahun tirẹ̀ jìn wọnú. Lẹ́yìn 1869 kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni tún fẹ́ fi àwọn ọgbọ́n wọ̀nyí ṣe, wọ́n sì kúrò lórí àtẹ. Ọta ọlọ́mùú kan ṣoṣo kò ṣòro rí títí di òní. Páálí rẹ̀ ni ìṣòro. Ẹni tí kò mọ ìtàn ẹjọ́ yìí sì lè wo ọta náà, kó ní ó ti bàjẹ́, kó gbé páálí àti ohun tó wà nínú rẹ̀ fún ẹni àkọ́kọ́ tó bá nawọ́.

Orúkọ ilé-iṣẹ́ ni ojú kọ́kọ́ máa ń bá lára páálí, òun náà ló sì rọrùn jù láti fi mọ ọjọ́ orí rẹ̀, bí ẹni tó ń wò ó bá mọ bí àwọn ilé-iṣẹ́ náà ṣe ra ara wọn. Union Metallic Cartridge Company, tí gbogbo ayé ń pè ní UMC, ni Marcellus Hartley dá sílẹ̀ ní Bridgeport, Connecticut, ní 1867. Ní 1912 wọ́n pa á pọ̀ mọ́ Remington, orúkọ ara páálí sì di Remington-UMC. Peters, ti Kings Mills ní Ohio, bẹ̀rẹ̀ ní 1887. Remington rà á ní 1934, ṣùgbọ́n kò pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Páálí Peters ń jáde lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, àfi pé ìlà kékeré kan lára rẹ̀ ti ń sọ pé ẹ̀ka Remington ni. Ojú tí kò kà dé ìlà yẹn á ní ọ̀kan náà ni páálí méjèèjì. United States Cartridge Company ti Lowell, Massachusetts, jẹ́ iṣẹ́ Benjamin Butler, ọ̀gágun nínú Ogun Abẹ́lé tó padà di gómìnà ìpínlẹ̀ náà. Òun bẹ̀rẹ̀ ní 1869.

Winchester ló kọ ìtàn ara rẹ̀ sára páálí jù. Ìpínlẹ̀ Connecticut ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 1866. Nígbà tí gbèsè dá a dúró, Western Cartridge Company ti ìdílé Olin, ní East Alton, Illinois, rà á ní 1931, páálí sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ẹ̀ka Western ni Winchester. Western wá di Olin Industries ní 1944, Olin Mathieson ní 1954, àti Olin Corporation ní 1969. Orúkọ Winchester gàdàgbà tó wà níwájú kò yí padà ní gbogbo àkókò yìí. Ìlà tó kéré jù lára páálí, èyí tí ènìyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè kà láìlo awò, ni yóò sọ inú èwo nínú àkókò mẹ́rin náà ni páálí ti jáde, owó tó wà láàárín ti 1935 àti ti 1970 kò sì kéré.

Àwọn àmì mìíràn tún wà tí kì í purọ́. Bí ìwé ara páálí bá ní ẹ̀tù aláìléèéfín ló wà nínú ọta, páálí náà kò lè ti pẹ́ ju ìparí ọ̀rúndún 19 lọ, nítorí ẹ̀tù dúdú ni gbogbo ọta ń lò ṣáájú ìgbà náà. Ọ̀rọ̀ náà Kleanbore lára páálí Remington ń sọ pé kò lè ṣáájú 1926, ọdún tí ilé-iṣẹ́ náà gbé ìtanná tuntun jáde. Ìtanná àtijọ́ máa ń fi ohun kan bí iyọ̀ sílẹ̀ nínú ọ̀pá ìbọn, iyọ̀ náà a fa ọ̀rinrin, ọ̀pá a sì dípẹtà bí olówó rẹ̀ kò bá fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà. Ìtanná tuntun fòpin sí wàhálà yìí, àwọn ilé-iṣẹ́ yòókù sì tètè fún tiwọn lórúkọ tó jọ bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà ZIP nínú àdírẹ́sì ilé-iṣẹ́ ń tọ́ka sí 1963 síwájú. Ìlà dúdú fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ̀rọ ìsanwó ilé ìtajà ń kà kò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí di 1974, nítorí náà páálí tó bá ní in kò tíì lè pe ara rẹ̀ ní àgbà. Kò sì sí páálí tó lè dàgbà ju irú ọta tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára lọ: .357 Magnum dé ní 1935, ẹni tó bá sì ní òun ní páálí rẹ̀ ti 1920 yẹ kó tún un wò.

Bí wọ́n ṣe kan páálí náà tún ń sọ̀rọ̀. Páálí àtijọ́ jẹ́ apá méjì, ìdérí àti ìsàlẹ̀. Nínú irú kan ìdérí bo ìsàlẹ̀ pátápátá. Nínú irú mìíràn méjèèjì pàdé láàárín ẹ̀gbẹ́, tí ìwé àlẹ̀mọ́ sì gba orí ojú ìpàdé náà kọjá. Ẹni tó bá fẹ́ ṣí irú èyí ní láti fi ọ̀bẹ la ìwé náà. Nítorí náà, páálí tí wọn kò tíì là ń fi hàn fúnra rẹ̀ pé ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò tíì dé inú rẹ̀ láti ilé-iṣẹ́. Páálí alápá kan tó ń ṣí ní ẹ̀gbẹ́, irú èyí tí ọjà ń lò títí di òní, ló gba ipò wọn.

Páálí ti ológun gba ojú mìíràn, nítorí ibẹ̀ ni iye tó wà nílẹ̀ ti lè ṣi ènìyàn lọ́nà. Ilé-iṣẹ́ ọta ìjọba ní Frankford, ní ìlú Philadelphia, ló ń ṣe ọta .45 fún rìfọ́fà àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin láàárín 1870 sí 1880. Méjìlá méjìlá ni wọ́n ń kó wọn sínú páálí kékeré. Ìkarahun wọn jẹ́ bàbà, ìtanná sì wà nínú wọn lọ́hùn-ún níbi tí ojú kò lè rí i, gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà Stephen Vincent Benét, ọ̀gá ológun tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ akéwì padà sọ orúkọ náà di mímọ̀ kárí Amẹ́ríkà. Ìdí ọta náà dán borokoto, kò sí àmì kankan níbẹ̀, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n a sì pè é ní ọta onítanná etí. Ọ̀pọ̀ páálí oní-12 yìí ni àwọn ọmọ ogun ti já sílẹ̀ ní pápá. Ìwọ̀nba tó kù ń lọ ní owó ńlá, pàápàá nígbà tí ọdún tí wọ́n ṣe é bá ṣì hàn lára ìwé rẹ̀.

Ẹ wá gbé e lé ẹ̀gbẹ́ páálí .45 ti Ogun Àgbáyé Kejì. Ilé-iṣẹ́ Chrysler tó ń ṣe ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ sọ iṣẹ́ rẹ̀ ní Evansville, Indiana, di ibi tí wọ́n ti ń ṣe ọta, ó sì ṣe ju bílíọ̀nù 3 lọ. Idẹ ti wọ́n nígbà náà, nítorí náà irin ni wọ́n fi ṣe ìkarahun púpọ̀ nínú wọn. Àmì EC àti nọ́ńbà ọdún wà ní ìdí ọta. Ìtàn rẹ̀ dára láti sọ, ìdílé tó bá sì bá páálí bẹ́ẹ̀ nínú ẹrù bàbá wọn tó lọ sójú ogun kò ní fẹ́ gbọ́ pé kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ọjà kò mọ ìtàn ìdílé: ohun tí wọ́n ṣe ní bílíọ̀nù ṣì wà káàkiri, owó rẹ̀ kò sì ga. Èyí tó bá ṣì mọ́ tónítóní nìkan ló ń rí díẹ̀ lé e. Ti Jámánì yàtọ̀ díẹ̀. Páálí ọta 9mm tí ọmọ ogun Jámánì ń lò fún ìbọn Luger ń gba ọta 16, nítorí pé mẹ́jọ ni ìbọn náà ń gbà, páálí kan sì kún un lẹ́ẹ̀méjì. Ìwé ara rẹ̀ ń sọ ilé-iṣẹ́, ọdún, àti ìpín ẹ̀tù àti ìkarahun tí wọ́n lò. Àwọn tó ń kó ìbọn Luger jọ ń wá a láti fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn wọn, àwọn olùkójọ ọta náà ń wá a, ìdíje ẹgbẹ́ méjèèjì sì ń ti owó rẹ̀ sókè. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí páálí .45 Colt àtijọ́: àwọn tó ní ìbọn Colt ti 1873 pọ̀ ju àwọn tó ń kó ọta jọ lọ.

Nígbà tí olùdíyelé bá ti mọ ohun tó wà níwájú rẹ̀, ipò rẹ̀ ló kù. Ìwé àlẹ̀mọ́ ló ṣe pàtàkì jù: ṣé ó pé, ṣé àwọ̀ rẹ̀ ṣì wà, ṣé omi ti ta sí i lára, ṣé ẹnì kan ti fi bírò kọ iye owó sí i? Igun páálí tó ya dín owó kù; páálí tí wọ́n fi sẹ́lótéèpù di igun rẹ̀ papọ̀ burú ju èyí tó ya lásán lọ, nítorí pé gọ́ọ̀mù sẹ́lótéèpù máa ń pọ́n lẹ́yìn ọdún díẹ̀, kì í sì í jáde láìmú ìwé dání. Lẹ́yìn náà ni wọn a wo inú. Ṣé ọta rẹ̀ pé? Ṣé àmì ìdí wọn bá orúkọ ara páálí mu, tí gbogbo wọn sì jẹ́ ọ̀kan náà? Winchester tẹ lẹ́tà H sí ìdí ọta onítanná etí rẹ̀, ní ìrántí B. Tyler Henry, ẹni tó ṣe ìbọn Henry. Àìsí àmì kankan kì í sì í ṣe àbùkù nínú páálí àtijọ́, nítorí pé púpọ̀ nínú ọta ìbẹ̀rẹ̀ kò ní in. Páálí ti 1880 tí ọta ti 1950 kún inú rẹ̀ ń gba iye páálí òfìfo lásán, ọta náà kò sì fi kọ́bọ̀ kan lé e.

Ọ̀pọ̀ ẹ̀tàn sì ń gba ibí yìí wọlé. Àwọn kan máa ń ra ọta lọ́kọ̀ọ̀kan títí wọn yóò fi kún páálí òfìfo, wọn a sì pè é ní páálí tó pé láti ilé-iṣẹ́. Èyí kò tíì burú tó ti ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rọ ọta sínú ìkarahun tí wọ́n ti yìn rí, nítorí ẹni tó bá rà á láti yìn kò mọ irú ẹ̀tù tàbí ìwọ̀n tó wà nínú rẹ̀. Páálí àwòkọ náà wà, tí wọ́n ń tẹ̀ jáde fún àwọn tó ń ṣeré ìdíje ìbọn ní ìmúra ayé àwọn adamàlúù ti Ìwọ̀-Oòrùn Amẹ́ríkà. Ẹni tó ń tà á ní tuntun kò fi ṣe ayédèrú. Lẹ́yìn tó bá ti gba ọwọ́ mẹ́ta mẹ́rin ni wọ́n máa ń gbàgbé láti sọ ọ́. Awò a fi àwọn tóótòòtóó kéékèèké tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé òde òní ń tò hàn, níbi tí ìwé ọdún 1880 ti ní ìlà tó tẹ̀ dáadáa. Bébà àtijọ́ sì máa ń ṣú láti etí wá. Èyí tí wọ́n fi tíì pa láró ṣú bákan náà níbi gbogbo.

Ọ̀rọ̀ òfìfo àti kíkún kò rọrùn tó bí ó ṣe jọ. Páálí tí èdìdì rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ ń gba owó jù, ẹni tó bá sì ṣí i kí ó lè rí inú rẹ̀ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa owó náà ya. Kíkún tó bá ara mu ló tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n páálí òfìfo tó mọ́, ti irú tó ṣọ̀wọ́n, lè ju páálí kíkún tó rún lọ dáadáa. Ti àwọn ọdún 1960 àti 1970, bíi .38 Special ti Remington tàbí Winchester, tí àwọn ìdílé ń bá jù nínú ogún, kò fi bẹ́ẹ̀ ju iye ọta tuntun ní ilé ìtajà lọ. Iye yẹn ni ilẹ̀ owó: páálí kíkún tí ọta rẹ̀ ṣì dára kì í sábà já sísàlẹ̀ rẹ̀, nítorí pé bí olùkójọ kò bá fẹ́ ẹ, ẹni tó fẹ́ yìn ín á rà á.

Ọdún kọ́ ló ń dá owó sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Ní àwọn ọdún 1960, ilé-iṣẹ́ MBA ní California ṣe ìbọn Gyrojet, tí ọta rẹ̀ jẹ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré tó ń jó lọ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti kúrò nínú ọ̀pá. Díẹ̀díẹ̀ ni eré rẹ̀ ń pọ̀ sí i, nítorí náà ní ìtòsí kò lágbára tó, ó sì wọ́n. Ọjà kò gbà á. David Dardick náà ti ṣe tirẹ̀ ní nǹkan bí 1958, ọta oníke tó ní igun mẹ́ta. Ìkùnà méjèèjì ló sọ ọta wọn di ohun tí olùkójọ ń wá kiri, ọta Gyrojet kan ṣoṣo sì lè ju páálí 50 ti .38 Special lọ ní owó.

Láti mọ iye gan-an, iye tí wọ́n ti tà á ní gbàǹjo ni kí a wò, kì í ṣe iye tí olówó rẹ̀ kọ sí i. Rock Island Auction ní Illinois wà lára àwọn ilé gbàǹjo tó máa ń ta irú ẹrù yìí tí iye tí wọ́n tà á sì ṣeé wò lẹ́yìn náà. International Ammunition Association ń kó àwọn olùkójọ jọ, ìpàtẹ ọdọọdún ní St. Louis, Missouri, sì ni ibi tí ènìyàn ti lè rí páálí mẹ́wàá irú kan náà lórí tábìlì kan, kí ó sì fi wọ́n wé ara wọn. Nínú ìwé, Cartridges of the World ti Frank C. Barnes, tó kọ́kọ́ jáde ní 1965, dára fún mímọ irú ọta, ṣùgbọ́n kò sọ ti páálí. Iṣẹ́ Hackley, Woodin àti Scranton lórí ọta ológun Amẹ́ríkà jìn jù ú lọ. William Woodin yìí kó ọta jọ sí Tucson, Arizona, débi pé ilé tó kó wọn sí di ibi ìwádìí.

Ìtọ́jú tí kò dára ń jẹ owó lójoojúmọ́. Igi óòkù àti páálí tó ní ásíìdì máa ń tú afẹ́fẹ́ kíkan jáde, afẹ́fẹ́ náà a sì sọ ojú òjé di ìyẹ̀fun funfun. Idẹ ní ọ̀tá tirẹ̀. Ní ọ̀rúndún 19, àwọn ọmọ ogun Bírítéènì ní Íńdíà rí i pé ìkarahun ọta tí wọ́n kó sí ilé ẹṣin máa ń sán fúnra wọn ní àsìkò òjò. Ní 1921 ni ìwádìí fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé amóníà, èyí tó ń ti inú ìtọ̀ ẹṣin jáde, ló ń la idẹ tí wọ́n fi ipá fà. Ìtanná àtijọ́ tó ní mẹ́kúrì náà máa ń sọ idẹ di ẹlẹgẹ́. Nítorí náà kí ọta àtijọ́ máa jẹ́ ti ìwò, kí ẹnikẹ́ni má sì fi ìbọn dán an wò. Ibi tó gbẹ, tó tutù, tí oòrùn kò dé, ni ibi ìpamọ́ rẹ̀. Kí wọ́n má fi ohun ìdánmọ́rán nu idẹ: dídán rẹ̀ ń mú kí olùkójọ fura, ó sì ń pa àwọ̀ tó gba 100 ọdún láti mú jáde.

Òfin ló kẹ́yìn, òun náà sì ń wọ inú iye owó. Òfin ìbọn Amẹ́ríkà ti 1968 dí fífi ọta ránṣẹ́ sí ẹnì kọ̀ọ̀kan láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn. Ti 1986 tú apá yẹn ká, ṣùgbọ́n àwọn ìpínlẹ̀ kan ṣì ní òfin tiwọn tó le, ilé-iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ìjọba kì í sì í gba ọta rárá, bó ti wù kí ó dàgbà tó. Ilé-iṣẹ́ akẹ́rù aládàáni ló ń gbé e, ní owó tó ga. Ọmọ Nàìjíríà tó bá bá irú ogún bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà kò gbọdọ̀ ronú láti kó o wá sílé láìgba ìwé àṣẹ, nítorí ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin ìbọn tó ti wà nílẹ̀ láti 1959. Páálí òfìfo kò sí nínú gbogbo ìdíwọ́ yìí. Bébà lásán ni lójú òfin, ó ń gba ilé ìfìwéránṣẹ́ lọ bíi lẹ́tà, ìdí sì nìyí tí àwọn olùkójọ kan fi fi ọta sílẹ̀ pátápátá, tó jẹ́ pé páálí òfìfo nìkan ni wọ́n ń rà.